Wọ́n Dorí Olóòyà Kodò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án

Kí n tó sọ tòní, kí ìwé yìí kọ́kọ́ mọ ọwọ́ tó mú un. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì ń rákò. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní igi gbígbẹ́ fi òòlù là mí lórúnkún. Títí dòní, orúnkún yẹn máa ń mọ̀ kí òjò tó ṣú. Iná jó ṣọ́ọ̀bù mi. Mo kọ́ òmíràn, omi gbé e lọ. Mo kọ́ ẹ̀kẹta, ìjà ìlú lé mi jáde níbẹ̀. Mo bì nínú ọkọ̀ ojú omi títí kò fi sí nǹkan tí n ó bì mọ́. Níbí, lókè òkun, ọdún méjì gbáko ni mo fi fọ ilé ìgbẹ́, èmi tí àwọn ọlọ́lá ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo sin ìyàwó mi sínú ilẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ó dáa. Ta ló kú síbẹ̀? Èmi kọ́. Ọdún méjìdínláàádọ́rin, eyín mi pé, mo ṣì ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó lè gbẹ́ igi bí tèmi nínú ilé iṣẹ́ igi tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní òun wà, kó jáde.

Òní ńkọ́? Ọ̀gá ilé iṣẹ́ pè wá jọ. Ilé ìkàwé tuntun àárín ìlú fẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé, igi gidi, ọnà gidi. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ bá wọlé, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára idẹ, wọn yóò kàn án mọ́ ògiri. Orúkọ! Lára idẹ! Ọdún kọkànlá mi rèé níbẹ̀, "Ọwọ́" ni wọ́n ń pè mí. "Ẹ gbé e fún Ọwọ́." "Ọwọ́ á ṣe é." Bí ẹni pé ẹ̀dá tí kò lórí ni mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo ti rí i! Mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́ ni.

Orí ìyàwó mi ni. Olóòyà ni mo máa ń pè é, nítorí òòyà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀; irun ló fi bọ́ wa nígbà tí ṣọ́ọ̀bù jó. Tó bá di ṣùkú, gbogbo ẹsẹ̀ irun á gbéra láti ìpàkọ́ àti ẹ̀bá etí, wọ́n á máa gòkè, wọ́n á máa gòkè, títí wọ́n á fi pàdé ní àtàrí bí ará ilé tó pé jọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn mi máa rí.

Èédú ni mo fi yà á. Pákó ìsàlẹ̀ nípọn ju ti òkè lọ, nítorí omi òjò àti ẹsẹ̀ èèyàn. Ìdí igi nílẹ̀, orí igi lókè — bó ṣe dúró nínú igbó ni kó dúró lára ilé. Òòlù orúnkún ló kọ́ mi nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sí igun àwòrán. Mo fún Pẹ́ńsùlù kó bá mi gbé e wọlé tọ Ọ̀gá. Ọmọ tó ń ya àwòrán ilé iṣẹ́ ni, pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀. Àwa tá à ń gbẹ́ igi kì í wọ ọ́fíìsì, wọ́n ní bàtà wa dọ̀tí. Bàtà tèmi tí mo ń fi òróró nù!

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo pe Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé. Ẹnu mi yá. Mo ní orúkọ mi ti wà lára idẹ. Ó pariwo débi pé gbogbo àdúgbò rẹ̀ á ti gbọ́. Ó ní òun ń retí àwòrán.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti bọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Àwòrán mi wọlé. Orúkọ Pẹ́ńsùlù ló wà lára rẹ̀.

Ó ti tún un yà sórí ìwé funfun báláú. Ibi àtàrí gan-an ló kọ orúkọ rẹ̀ sí, bí ẹni ń tẹ èèyàn lórí. Mo kà á sí àfojúdi lásán. Ó ní odò ni, omi tó ń ṣàn láti orí òkè. Odò! Mo ní èmi ni mo yà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Pẹ́ńsùlù ní lóòótọ́ ni mo fún òun ní bébà kan, pé èédú lásán ni, òun ti sọ ọ́ nù. Kò wo ojú mi. Ọ̀gá ní, "Ìwọ, ọwọ́ rẹ dáa, dúpẹ́ ìyẹn. Àwọn èèyàn yín kì í ronú irú nǹkan báyìí."

Wọ́n wá gbé àwòrán mi fún mi pé kí n lọ gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

N kò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọmọ mi obìnrin wá. Ìyá Mi ni mo ń pè é, ó ń bá mi wí ju ìyá mi lọ. "Bàbá, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn!" Mo ní bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn á gbẹ́ orí ìyá rẹ bí ẹni ń bẹ iṣu. Ó bá mi fọ aṣọ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá

Mo parí rẹ̀. Mo fi ìka tọ gbogbo ẹsẹ̀ irun náà láti ìpàkọ́ dé àtàrí. N kò gbẹ́ nǹkan tó dáa báyìí rí. Mo sunkún díẹ̀. Eruku igi ni.

Wọ́n ní wọn ò nílò mi níbi tí wọ́n á ti gbé e kọ́. Pẹ́ńsùlù ni yóò máa darí wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òní ni wọ́n ṣí ilé ìkàwé. Wọ́n ní kí n gba ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́, nítorí ilẹ̀. Oníròyìn kan bi mí bóyá èmi ni agbálẹ̀ ibẹ̀. Mo ní èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo mọ àwàdà ṣe.

Ìgbà náà ni mo gbójú sókè.

Wọ́n dorí ẹ̀ kodò. Àtàrí Olóòyà wà nílẹ̀, níbi tí wọ́n ń nu bàtà sí. Ìpàkọ́ rẹ̀ wà lókè. Pẹ́ńsùlù ń nàka: ẹ wò ó, omi ń ṣàn bọ̀, ó ń kóra jọ sínú adágún. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ń dán lára idẹ.

Mo tẹrí ba, mo ń gbálẹ̀ lọ. Èmi, tí mo máa ń pariwo bo ẹ̀rọ ìlagi mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ẹ̀gbọ́n pè. "Àbúrò mi, àwòrán dà?" Mo ní kámẹ́rà bàjẹ́. Ó ní, "Ṣé kámẹ́rà òkè òkun náà máa ń bàjẹ́ ni?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Orúnkún ń dùn mí gan-an. Òjò ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá

Ọjọ́ kẹrin òjò. Ilẹ̀kùn ti há. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yẹ kó wà lókè ló ń mumi nílẹ̀. Èyí tó nípọn ń fa ìdè ilẹ̀kùn ya lókè. Wọ́n ní ọkùnrin mẹ́ta ló ti í, kò mira. Pẹ́ńsùlù da òróró sí i. Òróró! Mo rẹ́rìn-ín nínú ilé ìtọ̀. Lẹ́yìn náà, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàtà mẹ́ta ló ń ta á nípàá lórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀gá wá sílé mi. Ọdún mọ́kànlá, kò débẹ̀ rí. Etí àga ló jókòó lé. Ó pè mí ní Bàbá! Ó ní kí n lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la tí ibẹ̀ bá ti pa, kí n gba ẹ̀yìn, kí n fá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà títí yóò fi ṣí. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Mo bi í nípa idẹ. Ó ní ti idẹ ti tán.

Ó wá rántí lẹ́nu ọ̀nà pé ìwé ìgbélùú mi ń parí lóṣù tó ń bọ̀, pé òun ló sì máa ń fọwọ́ sí i.

Kí n fá orí Olóòyà. Ohun tó wá sọ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Ìrọ̀lẹ́ ti lọ. N kò lọ síbẹ̀. Ìyá Mi wà lọ́dọ̀ mi, ó ní ṣé mo mọ̀ pé wọ́n lè dá mi padà. Mo ní ìgbà wo ni mo dé tí wọn ò ti máa dá mi padà? Ẹ̀rù ń bà mí o. Inú ìwé yìí nìkan ni n ó ti sọ bẹ́ẹ̀.

Mo wá fọ́tò Olóòyà jáde, èyí tó kọ ẹ̀yìn sí wa, tí ṣùkú rẹ̀ hàn ketekete.

Ní Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yìí, ní agogo mẹ́sàn-án tí èrò bá pọ̀, n ó wọ bàtà tí mo fi òróró nù. Iwájú ni n ó gbà. N ó gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí gbogbo ojú rí i. N ó ní kí ẹni tó yàwòrán wá sọ fún wa èwo ni òkè. Bí wọ́n bá gbà, n ó tú u, n ó yí i padà lójú wọn. Bí wọn ò bá gbà, kí wọ́n máa tì í lọ.

Ní Ọjọ́rú, n ó pe Ẹ̀gbọ́n. N ó sọ fún un pé irọ́ ni mo pa, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ló le jù.