Kéèkì Alápẹ̀rẹ̀ Tòmátì

Àǹtí mi Màríyámọ̀,

Mo kí yín o, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù ò pọ̀ jù níbẹ̀? Àlàáfíà la wà ní Kétu. Orúnkún Màmá ti san, wọ́n ti padà sídìí tòmátì wọn ní Mile 12.

Kéèkì kan ló jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an. Ọ́fíìsì kan ní Gbàgádà ní kí n ṣe é fún ọ̀gá wọn tó ń fẹ̀yìn tì. Owó tòmátì ni ìyá ọ̀gá náà fi rán an níléèwé, ni mo bá ṣe é bí apẹ̀rẹ̀, mo fi ṣúgà mọ tòmátì sínú rẹ̀. Màmá, tí wọ́n máa ń pe iṣẹ́ mi ní eré ọmọdé, wò ó, wọ́n pòṣé: "Ta ní ń kó wéwé sókè?" Wọ́n fọwọ́, wọ́n tún un tò, ńláńlá lókè, wéwé nísàlẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá rí i, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bí ìyá mi ṣe máa ń to tiwọn gẹ́lẹ́ nìyí!"

Àǹtí, látọjọ́ náà, Màmá ń sọ fáwọn oníbàárà pé àwa méjèèjì la jọ ń ṣe kéèkì.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi ra àwọ̀ pupa tí wọ́n ń fi sí kéèkì. Màmá ní tòmátì mi ò tíì pọ́n tó.

Àbúrò yín,
Ruqoyah