Ẹ̀rí Tí Mo Kọ Sílẹ̀ De Àǹtí Mosúnmọ́lá

Springdale,
Prince George's County,
Maryland,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Rẹ̀mílẹ́kún, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Ọlọ́ládé tí o ní eyín ń yọ lẹ́nu? Ẹsẹ̀ màmá rẹ tó máa ń dùn wọ́n nígbà òjò, ṣé ó ti fúyẹ́? Ṣé iná tún ń wá díẹ̀díẹ̀ ní Mọ́kọ́lá? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń wọ̀ léra báyìí, Akínlọ́lá ọkọ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n kí ọ dáadáa.

Má bínú pé mo dákẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí. Mo rí gbogbo ìpè rẹ. Mo mọ̀ pé màmá mi ti sáré wá bá ọ, wọ́n sì ti sọ fún ọ pé mo ti ya aláìmoore sí Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ lẹ́tà gidi, torí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí èèyàn ń fi WhatsApp sọ. Kọ́kọ́ bá mi yọ̀ ná: mo yege ìdánwò láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì ti ibí! Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, kì í ṣe ẹni tó ń wẹ aláìsàn nìkan mọ́. O ti yọ̀ tán? Ó dáa, wá gbọ́ ohun tí mo ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

O mọ̀ pé ilé Àǹtí Mosúnmọ́lá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, la dé sí. Bésímẹ́ǹtì wọn, yàrá tó wà nísàlẹ̀ ilé, la ń gbé. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n gbà wá sílé, wọn ò sì febi pa wá. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ọmọ Yorùbá kan ní agbègbè yìí tí kò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn! Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò yẹn tí mo fìdí rẹmi, wọn ò bú mi o. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Ìjọ wa ṣe ìpàdé àdúrà nílé ẹnì kan ní Accokeek, níbi tí àgbọ̀nrín ti ń jẹ koríko lẹ́yìn ilé, gbogbo wa kún pálọ̀, wọ́n ní kí Àǹtí gba àdúrà ìparí. Wọ́n gbàdúrà fún ìjọba, wọ́n gbàdúrà fún àwọn ọmọ, ló bá kàn mí. “Olúwa, ṣàánú Ọmọ́kẹ́mi. Ọpọlọ rẹ̀ ò gbé ìwé mọ́, Baba. Fún un ní ọkàn tí yóò gba ipò tí o fi í sí.” Gbogbo pálọ̀ dáhùn pé àmín. Rẹ̀mílẹ́kún, èmi náà ṣe àmín! Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹni tó bá bú ọ lójú títì, o lè bú u padà. Ẹni tó bá fi àdúrà bú ọ, ta ló fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ?

Nígbà tí a délé, mo sọ ọ́ fún Akínlọ́lá. Ó ní kí n gbójú fò ó, pé àgbà ni wọ́n, pé wọn ò ní in nínú. Mi ò lè gbójú fò ó.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́, mo lọ jókòó sínú mọ́tò níta hòsípítù, mo yọ bírò, mo fa bébà kan yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú Àǹtí. O mọ ẹnu mi. Mo bú wíìgì orí wọn, mo bú ọbẹ̀ wọn tí kì í ta, mo bú bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ gba imú tí òyìnbó bá ti pè wọ́n lórí fóònù. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì ò lè gbé irú èébú yẹn. Ara tù mí débi pé èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò. Bí mo ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ nìyẹn: màá jẹun tán, màá bú wọn, màá padà wọlé lọ tọ́jú àwọn aláìsàn mi.

Àmọ́ nígbà tó yá, èébú tán lẹ́nu mi. Mélòó ni èèyàn fẹ́ bú wíìgì kan? Ni mo bá rò ó pé ẹ̀san tó dáa jù ni kí n yege, kí n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n jẹ́rìí lójú Àǹtí, kí n dárúkọ wọn, kí n sọ àdúrà tí wọ́n gbà fún mi, kí ojú tì wọ́n. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀rí náà sílẹ̀ dè wọ́n, bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo wá dúró. Irọ́ ni, mi ò tíì kà á. Ṣé kí n wá dúró níwájú pẹpẹ Ọlọ́run kí n máa purọ́ nítorí Àǹtí? Mo gbé ìwé, mo lọ kà á. Lọ́jọ́ mìíràn mo kọ ọ́ pé mo gbé ìtìjú tà, mo bẹ Sherifat kó máa kọ́ mi. Nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ wa ni Sherifat, ibí ni wọ́n bí i sí, àbúrò mi ìkẹyìn jù ú lọ, Yorùbá rẹ̀ ò sì kọjá ẹ káàárọ̀. Ojú ń tì mí láti lọ bá ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ nínú ẹ̀rí, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Mo lọ, ọmọ náà sì gbà tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Sherifat ló ṣàkíyèsí pé tí ìbéèrè bá ní aláìsàn ò lè mí dáadáa, kí ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ ṣe, èmi á yàn pé kó lọ pe dókítà. Gbogbo ìgbà! Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ṣé o rántí Mẹ́tírọ́ọ̀nù wa? Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti fọwọ́ kan nǹkan kí àgbà tó dé? Mo padà sínú mọ́tò mi, mo kọ gbogbo ohun tó ń bà mí lẹ́rù bó ṣe ń wá sọ́kàn: o ò mọ̀ ọ́n, má dá a ṣe, bi ẹni tó jù ọ́ lọ, ọpọlọ rẹ ò gbé e. Bí mo ṣe ń kà á padà, mo gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ ọ́. Àǹtí ni! Láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé ọkàn mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀, àṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí mi létí ni mo gbà bíi tèmi. Mo fa igi lé gbogbo èyí tó jẹ́ tiwọn. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ni pé mi ò fẹ́ kí aláìsàn kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀wé, nọ́ọ̀sì wo ni kò ní in? Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti ní kí ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ ṣe, màá sọ fún ara mi pé èmi gan-an ni nọ́ọ̀sì ọ̀hún, kí n gbé orí aláìsàn sókè, dókítà á bá wa níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún ọ ni ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí tí o ní o ti dàgbà jù fún. Jọ̀ọ́, mú bírò. Kọ ọ́ bí ẹni tó ti ṣe é tán, kí o sì fetí sí ẹni tó ń sọ fún ọ pé o ò lè ṣe é. Mo fura sí ìyá ọkọ rẹ, àmọ́ kì í ṣe ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí èsì jáde, mo pariwo débi pé Àǹtí sáré sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n gbá mi mọ́ra. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti pe gbogbo ayé. Àwọn ló kọ́ mi, àwọn ló gbààwẹ̀ fún mi, àwọn ló jókòó tì mí tí mo fi ń kàwé. Wọ́n pe màmá mi, màmá mi ń sunkún, wọ́n ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí fóònù. Àǹtí wá ní tí mo bá ń jẹ́rìí, kí n rí i pé mo pe àwọn síwájú kí àwọn bá mi jó. Mo ní ẹ ṣeun, mà.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Bébà mi wà lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, orúkọ Àǹtí, àdúrà Accokeek, kò sí èyí tí mo yọ. Mo gba máìkì. Bí mo ṣe wo ìlà iwájú báyìí, Àǹtí ti sún sí etí àga, wọ́n ti tún ìró ró, wọ́n ń retí orúkọ wọn. Mo rò ó lọ́kàn mi pé tí mo bá ka ohun tí mo kọ, àwọn ni wọ́n á di ẹni tí a ṣẹ̀, gbogbo ìjọ ló máa yí wọn ká, tí wọ́n á máa bẹ̀ wọ́n. Mo ká bébà, mo fi í sínú báàgì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Akínlọ́lá, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sherifat, mo ní Mùsùlùmí ni, kò sí níbí, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀ àti àwọn akọrin, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń júwe ibi tí a máa gbé mọ́tò sí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń se ìrẹsì lẹ́yìn ìsìn. Tí mo bá ti sinmi díẹ̀, Àǹtí á gbé ìdí sókè lórí àga. Tí mo bá dárúkọ ẹlòmíràn, wọ́n á rọra jókòó padà. Nígbà tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó gbà pé mo lè ṣe é, mo dá máìkì padà, mo lọ jókòó.

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa: kí èèyàn dúpẹ́ ní gbangba, kó fo àgbà tó gbà á sílé. Èébú wo ló tún kù? Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ojú gbogbo wọn ń lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Mi ò ní ṣe ojú ayé fún ọ, Rẹ̀mílẹ́kún. Inú mi dùn. Ó dùn gan-an ni.

Mọ́tò Àǹtí la jọ bá padà. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ni wọ́n bá bi mí, wọn ò wẹ̀yìn, ohùn wọn sì rẹlẹ̀ bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí:

“Ọmọ́kẹ́mi, ṣé o gbàgbé mi ni?”

Akínlọ́lá di ọwọ́ mi mú pé kí n má dáhùn.

Mo ní, “Rárá o, mà. Mi ò gbàgbé yín.”

Wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. A ti rí yàrá kan ní College Park, a máa kó lọ kí oṣù tó parí. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí o fi ẹnu ko Ọlọ́ládé lẹ́nu fún mi. Tí màmá mi bá tún wá, fún wọn lómi tútù mu, sọ fún wọn pé ọmọ wọn ń kí wọn, ara mi le, iṣẹ́ tuntun máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n lọ bẹ Àǹtí, sọ fún wọn pé mi ò lọ.

Èmi náà ni, tìrẹ láìyẹsẹ̀,
Ọmọ́kẹ́mi