Òkúta Lẹ́nu Alágẹmọ

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Ta ló rán wọn níṣẹ́?

Mo dé láti ibi iṣẹ́ ní Ekpan, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó wá kí wa, ti fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ihò abẹ́ ilé alágẹmọ tí à ń sìn, níbi tí omi tí a ń wọ́n sí i ń gbà jáde. Wọ́n ní omi ń kán sórí táìsì. Wọ́n tún da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kó lè dùn ún wò! Èmi tí mo dìídì fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lásán, kí alágẹmọ má baà gbé nǹkan mì.

Omi ti dágún, ó ń rùn. Alágẹmọ na ahọ́n sí ìrẹ̀ tí mo fún un jẹ, òkúta ló gbé.

"Mummy, stone dey im mouth o!" ni ọmọ mi ké.

Mo rọra yọ òkúta náà lẹ́nu rẹ̀. Mo kó òkúta dànù, mo tún ihò lu, mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ kó máa gba omi.

"Àǹtí, ẹ ò bá ti bi mí léèrè," ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

"Torí ẹranko lo ṣe ń kanrá mọ́ mi?"

Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Màá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìkíni ni o, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.