Kábíyèsí Kò Fún Mi Ní Físà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Oṣù karùn-ún rèé tí Kábíyèsí ti kọ̀ láti fún mi ní físà ẹ̀kọ́. Òṣìṣẹ́ físà yẹn ni mo sọ ní Kábíyèsí — mi ò rí i rí, mi ò mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e. Ìlà kan péré ló kọ sí mi: "Kò dá wa lójú pé wàá padà sílé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ." Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá sun ìta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Màámi á fẹ́rẹ̀ẹ́ pe fóònù mi pa.

Ẹ̀kọ́ ọdún kan ni, lórí eyín àtọwọ́dá. Ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn á di àyè mi mú títí di ìparí oṣù kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dìgbóṣe. Ìdí nìyẹn tí Lọ́yà tí mo gbà fi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù orílẹ̀-èdè wọn lọ́hùn-ún. Adájọ́ ò lè fún mi ní físà o. Ó kàn lè sọ fún Kábíyèsí pé kò ronú dáadáa. Ìyẹn nìkan tó fún mi láti jó.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta
Níbi iṣẹ́, mo to eyín àtọwọ́dá mẹ́rìnlá fún bàbá kan tó fẹ́ fi ya fọ́tò lọ́la. Lọ́yà ò pè.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹta
Kóòtù ti ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà níwájú Kábíyèsí jáde. Lọ́yà fi fáìlì náà ránṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí mi — ó wà ńbẹ̀. Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ — ó wà ńbẹ̀. Lẹ́tà kan tí mi ò rí rí — ìbùwọ́lùwé Màámi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀!

"Ẹ̀yin ará ọ̀fíìsì físà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fa ọmọ mi lé yín lọ́wọ́. Láti òní lọ, ọmọ yín ni. Bó bá hùwà tí kò dáa, ẹ nà án."

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Ẹ nà án!

Kábíyèsí fàlà sábẹ́ "ọmọ yín ni". Ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ìyá ti yọ̀ǹda rẹ̀. Kò ní padà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta
Màámi jẹ́wọ́ wẹ́rẹ́. Òun ló kó ìwé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun túmọ̀ lẹ́tà náà, kí wọ́n fi kún un. "Ṣé kí n rán ọmọ lọ sílé onílé kí n má fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́? Ṣé o ò níyàá ni?"

Bó ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá, dókítà eyín. Ó ní ọmọ Ọ̀gá ni mí láti ọjọ́ náà lọ. Ọ̀gá ní òun gbọ́. Nírọ̀lẹ́ mo padà wálé wá jẹun.

Mo bínú. Mo ní òun ló ba ayé mi jẹ́. Màámi wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta
Màámi ti dá jẹ tiẹ̀. Ó gbé oúnjẹ mi sórí tábìlì, ó sì fi àwo bò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta
Lọ́yà pè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo ka ojú ìwé kejì lẹ́tà Màámi? Èwo ni ojú ìwé kejì?

"Ẹ̀kọ́ rẹ̀ á parí lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù kejìlá ọdún tó ń bọ̀. Lógúnjọ́, mo fẹ́ ọmọ mi padà. Mo ti ní kí wọ́n wá kun yàrá rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n máa wọ̀nà lásán."

Kábíyèsí ò ka ibẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé náà ò ka ibẹ̀. Mo sunkún níbi iṣẹ́. Ọ̀gá bi mí bóyá ìyẹ̀fun tá a fi ń ṣe àwòṣe eyín ló kó sí mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dé ilé, mo kúnlẹ̀ fún Màámi. Ó ní kí n dìde kí n lọ jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin
A borí! Adájọ́ ní ẹni tó ka ààbọ̀ lẹ́tà ò lè fi dá ẹjọ́ odidi. Ó fagi lé ìpinnu Kábíyèsí. Èrè wa? Fáìlì ń lọ sọ́dọ̀ Kábíyèsí Kejì, òṣìṣẹ́ físà mìíràn, ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́yà ní a lè fi ìwé tuntun kún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kẹrin
Mi ò tíì fọ ẹnu tí Màámi ti jókòó pẹ̀lú bírò. Mo fẹ́ ní kó jọ̀ọ́, kó fi mí sílẹ̀. Mo jókòó tì í.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó fún mi kà. Ìlà kan péré, bíi ti Kábíyèsí:

"Ọmọ mi ni. Mo yá yín ni, mi ò fún yín."

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n fi ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́.