Ìjánu Ọkọ̀ Ẹfọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Ògún, 1969
Ẹfọ̀n gbá mi létí lónìí, lójú àwọn oníbàárà mi. Ẹfọ̀n ni mo ń pe Zéphirin awakọ̀, ọkọ Odette àbúrò mi. Ó ní bí òun bá ti tẹ ìjánu, a máa ta òun lẹ́sẹ̀, fóláǹ tí òun fi ń darí ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ òun—ó ní èmi mẹkáníìkì ni mo fọwọ́ játijàti tún un ṣe. Mo fi irin táyà gbá a léjìká. Ẹ̀jẹ̀ jáde lára àwa méjèèjì. Àna mi nìyẹn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ṣá. Mo tú táyà iwájú. Gbogbo bùlọ́ọ̀nù, ìdè táyà, tí mo dì le dáadáa—elẹ́nu jíjẹrà! Mo wá de ìṣó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwo ìjánu, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, kí orí ìṣó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, mo sì fi ọwọ́ yí àwo náà. Níbí ó ha ìṣó, lọ́hùn-ún ó jìnnà sí i. Àwo ti wọ́. Ojú rẹ̀ dúdú bí aró níbi kan, ó mọ́ níbòmíràn. Ó gbóná gan-an, nǹkan kan sì mú un tutù lójijì. Kí ni?

Ọjọ́rú, 6
Mo yọ àwo méjì lára ọkọ̀ kan tó já sí kòtò, mo fi pààrọ̀ wọn. Ó ń lọ geere. Ẹfọ̀n kò dúpẹ́. Ọmọ ajá.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Ìjánu tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n! Bí a ṣe jáde ní Máàsì, Ẹfọ̀n fa ọrùn ẹ̀wù mi, ó gbá mi lẹ́nu. Eyín kan bọ́. Ó ń pariwo pé sàbótà ni mí, pé mo ń ba ọkọ̀ òun jẹ́ kí òun lè kú, kí n gba àbúrò mi padà. Mo ní kó kú, ṣebí ilẹ̀ pọ̀. Inú ń bí mi títí di báyìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, àjọ̀dún Màríà níbi ihò àpáta, Odette àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ló máa kó sínú ọkọ̀ yẹn, láti Kèrè ilé ọkọ rẹ̀, gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ọjọ́rú, 13
Mo lọ dè é nílé rẹ̀ ní Kèrè. Ó dé, ìjánu ń rùn. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìyá rẹ̀, Ìyá Ẹ̀ta, gbé igbá omi jáde. Omi ẹsẹ̀ ni—àṣà ilé wọn. Bí ọmọ bá ti ìrìn àjò dé, wọ́n á da omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Màmá ní ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọ òun. Ó da omi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ iwájú méjèèjì, ó ń súre. Irin ké. Èéfín sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: àwo kan ti là.

Mo já igbá gbà, mo là á mọ́lẹ̀. Màmá ṣubú. Ẹfọ̀n jáde, ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ó bá mi lórí rẹ̀. Àdá. Apá òsì mi. Àwọn ará ilé ló dì í mú. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, mo ń sọ ọ̀rọ̀ omi yẹn. Ta ni yóò gbà pé omi ire ìyá ló fẹ́ pa ọmọ?

Ọjọ́bọ̀, 14
Odette wá wẹ egbò mi, ó ń sunkún. Mo ní, má wọ ọkọ̀ yẹn lọ́la. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, tí mi ò bá wọ̀ ọ́, wọ́n á ní mo pe ìyá ọkọ mi ní àjẹ́. 

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Mo dé Kèrè ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo fi kíríìkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, mo tú táyà, mo fi òòlù ńlá fọ́ àwo méjèèjì wẹ́wẹ́. Egbò mi tún ya. Wàyí o, òótọ́ ni: èmi ni mo ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Mo ti padà sí gáráàjì. Odette kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ihò àpáta pẹ̀lú àwọn obìnrin Kèrè, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo ń gbọ́ ohùn Ẹfọ̀n lójú ọ̀nà. Mi ò ní sá.