Fìlà Òwú Funfun

Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 1987.

Sí Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Hajarat,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde lẹ́nu mi, ká má tíì sọ ti orí ìwé. Ṣé àlàáfíà lẹ wà l'Ọ́yọ̀ọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Màámi ti fúyẹ́ díẹ̀?

Àǹtí, oyún tí mo sọ sí yín létí nígbà Iléyá ti wálẹ̀. Ó di ọjọ́ mẹ́jọ lónìí. Ẹ má kà á sókè níwájú Màámi.

Ẹ rántí ọ̀gá tó kàwé lókè òkun, tí ọkọ mi Saifudeen ń bá ṣiṣẹ́. Òwú funfun ni wọ́n ń yan níbẹ̀. Kì í ṣe òwú oko o, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń mú un jáde. Wọ́n á fà á le sára irin, wọ́n á gbé e sínú ààrò, iná á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúdú láìjóná. Wọ́n á tún un yan níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Tí wọ́n bá fi gúlúù pò ó, á le bí irin, á sì fúyẹ́. Ẹsẹ̀ ni ọ̀gá fẹ́ fi ṣe fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Saifudeen bu díẹ̀ wálé fún mi pé kí n fi dánwọ́ wò. Fìlà ọmọ ni mo fi hun, mo fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí. Mo mọ̀ pé a kì í ṣe nǹkan sílẹ̀ de ọmọ tí kò tíì dé, mo sì ṣe é. Ìyá ọkọ mi rí i. "Waliyat, orí ta lo hun èyí fún?"

Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé, wọ́n sáré pe Saifudeen nídìí ààrò. Ó gbé mi lọ sọ́sibítù, kò rántí dín iná kù. Gbogbo òwú ọ̀gá jóná. Ó ra òmíràn nínú Sábó níbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú rẹ̀, ó yọ́ bí ọ̀rá nínú ààrò. Ọ̀gá ní bí òun kò bá rí òwú yẹn, bó tilẹ̀ ṣe díẹ̀, ní ọ̀la, Jímọ́ọ̀, kó máa lọ sílé. Saifudeen kò bá mi wí rárá, Àǹtí. Oúnjẹ ni kò jẹ mọ́. Kò sì mọ̀ pé fìlà kankan wà.

Fìlà náà wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Òun nìkan ni mo ní tó fi hàn pé ẹnì kan fẹ́ wá. Bí mo bá tú u, wọ́n á yan án dúdú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè fi rìn.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ yín sí, kó sì jẹ́ kí n tún rí tèmi gbé pọ̀n.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ìhunṣọ,
Waliyat.

Mo tún rántí: mo ti rí ibi tí òwú náà parí sí, mo ti tú etí fìlà tán, ó ku àtàrí. Ìyá ọkọ mi ń pè mí pé Saifudeen ti wọlé. Mo fẹ́ sọ fún un pé...