Ìbọn Bàbá Wa Tó Wà Lọ́dọ̀ Mi

Olóòtú wa, mo kí yín láti Mẹ́kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pa mọ́.

Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, dókítà ní Jéddà, gbé ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ìdílé wa fún mi. Ó ní, "Ìwọ ò ní ìkámà, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ẹ lọ́wọ́, wọ́n á kàn dá ẹ padà sílé ni. Tèmi, iṣẹ́ á bọ́."

Mo bi í bóyá kò léwu. Ó kọjú ìbọn náà sí àyà mi, ó yìn ín. Ó kàn dún kẹ́. "Àlàájà ojo, ṣé o rí i? Ó ti kú."

Nígbà tó lọ, mo ṣí i. Ọta kan wà nínú ihò tó tẹ̀ lé èyí tó yìn sí mi, ihò tó máa dún bí wọ́n bá tún yìn ín. Mi ò yọ ọ́.

Mo pè é pé ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀ òun á wá yìn ín sí orí ara òun, kí n lè pa ẹnu mi mọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó máa ń gbọ́ ètò yín nínú mọ́tò. Ṣé kí ẹ ka lẹ́tà yìí ṣáájú Jímọ̀ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ bá mi rò ó, torí mi ò mọ èyí tí mo fẹ́.